Búlọ́ọ̀kù Mẹ́rin Láti Amùkòkò

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó lè fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo ayé láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ tí kò sì ní rẹ̀ ẹ́, Dáhùnsí ni kẹ́ ẹ wá wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń bá àwọn oníṣòwò gba kọ̀ńténà wọn jáde ní èbúté Àpápá, ohun kan ṣoṣo tó sì fi ń yan láyé ni pé wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn kọ̀ńténà òun rí. Ẹrù ẹlòmíràn á dé, àwọn ayẹrùwò á ní kó ṣí i, wọ́n á tú u palẹ̀, oòrùn á pa á, òjò á pa á. Ti Dáhùnsí kì í rí bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ayẹrùwò tó dìde lórí àga ni yóò ti fa ọ̀gá wọn sẹ́yìn tírélà kan, yóò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń kí àna, ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò sì ti dé àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kejì. Wọ́n á wá lu ìlẹ̀kùn kọ̀ńténà náà lẹ́ẹ̀mejì, gbà, gbà, wọ́n á ní, "Ó dáa. Ẹ máa gbé e lọ."

"Ẹni tó bá ń yẹ nǹkan wò," Dáhùnsí á wí, á fi imú rẹ́rìn-ín, "ebi ló ń pa á. Ẹ fún un lóúnjẹ, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ojú ẹ̀ á tún ríran."

Ọgbọ́n tó ní kò ju ìyẹn lọ, ó sì rò pé ó tó òun jẹ dọjọ́ alẹ́. Irú àwọn ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ pọ̀ l'Ékòó bí omi gọ́tà.

Ìyàwó rẹ̀, Morìnsọ́lá, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú u. Kọ́tìnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì òkìríkà ló ń tà lọ́jà Bọ́ńdìrì l'Ájégúnlẹ̀, ẹni tó bá sì ń ta òkìríkà ti mọ ohun tí ojú ẹni tí kì í tú nǹkan wò ń rí. Bẹ́ẹ̀lì dídì ni wọ́n ń rà. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn tú u kó tó sanwó. Ó ti ra ọ̀kan rí tí aṣọ òkè rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tí gbogbo ti ìsàlẹ̀ sì ti jẹrà, tí eku ti bímọ sínú rẹ̀. Ó jókòó tì í láàárín ọjà, ó sunkún títí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà fi wá bá a palẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀lì nìkan lòun máa rà láì tú láyé òun.

Ilé tí wọ́n fẹ́ rà jẹ́ bọ́ńgálò kan ní apá Àpápá, ní àdúgbò kan tó jẹ́ pé kànálì ló pààlà láàárín rẹ̀ àti Ajégúnlẹ̀. Bàbá kan tó ń jẹ́ Sylvester ló ni ín, atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, tó sì fẹ́ padà sílé ní Warri. Ayálégbé ló ti ń gbé ilé náà tipẹ́. Nígbà tó fẹ́ tà á, ó kun ún lọ́dà látòkè délẹ̀, ó tẹ́ táìlì tuntun sí gbogbo yàrá, ilé wá ń dán gbinrin.

Dáhùnsí rí táìlì yẹn, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú táìlì yẹn, ìfẹ́ bá wọ ọ̀rọ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ṣì ti ń gba yàrá àti pálọ̀ lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dúró lójú fèrèsé bọ́ńgálò náà, ó wo òdìkejì kànálì bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́.

"Ẹ wo àwọn èèyàn wọ̀nyẹn," ló wí. "Inú omi ni wọ́n bí wọn sí, inú omi ni wọ́n máa kú sí."

Ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀ yìí, orí okùn àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ló ti gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tí Morìnsọ́lá ń wá nínú ilé yàtọ̀. Ìyá rẹ̀, Suwaibat, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, ń gbé yàrá kan ṣoṣo ní Amùkòkò, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ kí omi má wọlé. Ìyá arúgbó náà ní búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó fi ń gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè ní gbogbo ìgbà òjò. Bẹ́ẹ̀dì ń lọ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ògiri kò ka búlọ́ọ̀kù sí, ó wọ ìyá náà láyà. Lọ́dún tó kọjá ó wúkọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà sì sọ fún Morìnsọ́lá gbangba pé tí ìyá yìí bá tún lo ìgbà òjò kan sí i nínú yàrá tó ń fa omi, kí wọ́n má wá òun wá. Orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn dé yàrá tí àwọn Morìnsọ́lá ń gbé. Yàrá ilẹ̀ tó gbẹ ni Morìnsọ́lá ń wá fún ìyá rẹ̀. Gbogbo ìyókù, títí kan orúkọ Àpápá, kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

"Bàbá Ìyanu," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, torí pé Ìyanu lorúkọ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, "ẹ jẹ́ ká mú ẹnjiníà wá yẹ ilé yẹn wò ká tó sanwó."

"Ẹnjiníà?" Dáhùnsí gbé ife tíì kúrò lẹ́nu. "Kí ló fẹ́ wá wò? Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

"Ojú yín ò fọ́. Ṣùgbọ́n táìlì lẹ rí, ẹ ò rí abẹ́ táìlì."

"Ta ló ń gbé abẹ́ táìlì? Ṣé abẹ́ táìlì ni Màmá fẹ́ sùn sí?"

"Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń to kọ̀ńténà, Bàbá Ìyanu. Ẹrù tó dáa ni wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ má bínú sí mi o, màmá mi ò ní wọ ilé tí ẹni tó mọ̀ nípa ilé ò bá wa yẹ̀ wò."

Dáhùnsí pòṣé. Ó ní ayé mà ti dé ibi tó dé o, tí obìnrin tó ń ta aṣọ tí òyìnbó ti da itọ́ oorun sí wá ń kọ́ òun lọ́gbọ́n Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Morìnsọ́lá bá ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìdajì owó ilé náà sì ń bọ̀ láti inú ìsọ̀ òkìríkà tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Ó gbà, àmọ́ ó gbà bí ẹni gba abẹ́rẹ́.

Ẹnjiníà tí wọ́n rí ni Fidelis, ọkùnrin kúkurú kan tó ní yáàdì búlọ́ọ̀kù ní Coconut, lójú ọ̀nà Tin Can, tó sì máa ń bá àwọn èèyàn yẹ ilé wò. Lọ́jọ́ Sátidé tó fẹ́ wá, bẹ́ẹ̀lì tuntun dé sí Bọ́ńdìrì, Morìnsọ́lá kò lè kúrò lọ́jà. Ó bẹ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì í. Ohun tó bá wò, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin ni ojú mi níbẹ̀ o."

Dáhùnsí ní kò séwu. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ká ní àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ Dáhùnsí ni, ariwo ni wọn ì bá fi pa á.

Fidelis dé pẹ̀lú òòlù kékeré kan àti tọ́ọ̀ṣì. Sylvester pàdé wọn lẹ́nu géètì, ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé lé ẹnjiníà lọ́wọ́.

"My brother, anywhere wey you wan break, break am," ni bàbá náà wí. "Èmi ò gbé inú ẹ̀ rí ju oṣù díẹ̀ lọ, orí omi ni mo wà. Àwọn ayálégbé tó ń gbé ibẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó kó jáde, wọn kì í sì í sọ ìdí fún mi. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, kí ẹni tó bá rà á má máa ṣépè fún mi tí mo bá ti lọ. Kò sí wàhálà. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé."

Dáhùnsí wò ó tìyanu-tìyanu. Irú ọlọ́jà wo nìyí? Ayẹjàwò dé, kò mú nǹkan kan dání dè é, ó tún ní kí wọ́n fọ́ ọ! Àánú bàbá náà ṣe é díẹ̀, ẹ̀gàn sì bo àánú náà mọ́lẹ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé abájọ tí ọkùnrin yìí fi lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí omi tí kò sì ní ju ilé kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó ń ro èrò yìí kò tíì ní ẹyọ kan.

Fidelis wọ yàrá tí wọ́n fẹ́ fi Màmá sí, ó kúnlẹ̀, ó ń fi òòlù kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dún kó, kó. Nígbà tó dé igun tó sún mọ́ kànálì, wọ́n dún bò, bò, bí igbá òfìfo. Ó gbé ojú sókè.

"Ọ̀gá, táìlì ibí yìí ò gbé ilẹ̀ dáadáa. I go need comot some, kí n gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, kí n rí ìpìlẹ̀. Mo tún fẹ́ wo ìdí ògiri yẹn. Mo máa padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè."

Túsìdeè! Ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun á máa dúró de Túsìdeè nítorí táìlì tó dún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ tó ti rí ojú ara rẹ̀ nínú táìlì ni ilé náà ti di tirẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ni. Ayẹrùwò kan sì ti kúnlẹ̀ sórí ẹrù rẹ̀ báyìí, ó mú òòlù dání, ó ní òun fẹ́ ṣí i. Ohun tí ọwọ́ Dáhùnsí ti ń ṣe láti bí ogún ọdún, ọwọ́ náà kò dúró bi orí léèrè kó tó tún un ṣe.

Ó fa Fidelis lọ sẹ́yìn táǹkì omi.

"Ẹnjiníà mi," ló wí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, "ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọkùnrin. Ẹ má jẹ́ ká fọ́ nǹkan kan."

Fidelis wo ohun tó kù sí i lọ́wọ́. Ó wo ojú Dáhùnsí. Ó tún wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, wait first. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra ilé yìí, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ tà á?"

"Kí ni ìyàtọ̀ ńbẹ̀? Èmi ni mo ni ẹrù."

"Àwọn tó ń tà ló máa ń fún mi ní irú eléyìí, mo sì máa ń dá a padà fún wọn. Ẹni tó ń rà ò fún mi rí."

"Torí pé wọn ò lajú ni," Dáhùnsí wí. "Ẹ ṣáà lu géètì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sọ pé ó dáa."

Fidelis ronú díẹ̀. Ká sòótọ́, kò ronú pẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó rìn dé ẹnu géètì, ó fi òòlù rẹ̀ lù ú, gbà, gbà, ó ní, "Ó dáa," ó sì bá tirẹ̀ lọ láì wẹ̀yìn.

Inú Dáhùnsí dùn bí ìgbà tí kọ̀ńténà bá jáde. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹnjiníà ní ilé náà le ju èmi àti ìwọ lọ."

"Ṣé ó wo abẹ́ táìlì?"

"Kí ni kò wò? Gbogbo ẹ̀ ló wò."

Morìnsọ́lá kúnlẹ̀ láàárín ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀lì tí kò tíì tú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun ní ọkọ tó ṣeé rán níṣẹ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n kó wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kó ẹrù Màmá ní Amùkòkò, ìyá náà ti jókòó sínú ọkọ̀ kó tó sọ pé àwọn ò tíì lè lọ, ó ku búlọ́ọ̀kù òun.

"Búlọ́ọ̀kù kẹ̀?" Dáhùnsí wí. "Màmá, Àpápá là ń lọ o. Táìlì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ilé mìíràn sínú ilé ni?"

Àwọn alábàárù rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

"Àna mi, mi ò bá ẹ jiyàn. Mi ò tíì mọ ilẹ̀ ibẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ò tíì mọ̀ mí. Ṣáà bá mi gbé wọn."

Ó gbé wọn, ó jù wọ́n sínú koríko lẹ́yìn táǹkì, ó sì ń fi wọ́n dá àpárá fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn kú ilé tuntun. "Ẹ wá wo ẹrù tí ìyá ìyàwó mi kó wá," á wí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ajégúnlẹ̀ á jókòó síwájú ilé, Dáhùnsí á nawọ́ sí òdìkejì kànálì, á máa káàánú wọn lójú ara wọn. Wọ́n á máa mu bíà rẹ̀ lọ.

Àwọn oṣù yẹn dùn, n ò ní purọ́. Ikọ́ Màmá lọ. Ó ń sùn mọ́jú. Láràárọ̀ ni Morìnsọ́lá máa ń wọ yàrá rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, á rí i pé ó gbẹ, á sì rẹ́rìn-ín lọ sọ́jà. Dáhùnsí ní ṣé ògiri náà ń ṣàìsàn ni.

Òjò oṣù kẹfà kò mọ Àpápá yàtọ̀ sí Ajégúnlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́, kànálì sì kún. Dáhùnsí dúró lójú fèrèsé, ó ń retí kí omi wọ ilé àwọn ará òdìkejì kó lè rí nǹkan sọ. Omi kò wọlé wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn yẹn ti mọ kànálì. Wọ́n ti mọ ẹnu ọ̀nà wọn ga, wọ́n ti da iyanrìn síwájú ilé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Dáhùnsí ti gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀.

Omi náà kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, abẹ́ táìlì ló gbà. Ní igun yàrá Màmá, níbi tí òòlù Fidelis ti dún bò, bò, táìlì kan gbéra sókè, omi dúdú tú jáde lábẹ́ rẹ̀, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Ọ̀dà tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wú lára ògiri, ó ń ya bọ́, ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti jẹrà tipẹ́tipẹ́. Morìnsọ́lá gbé ìyá rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, ó ń fi aṣọ ọjà rẹ̀ dí ilẹ̀, omi ń gba àárín aṣọ kọjá. Ikọ́ tí wọ́n ti gbàgbé padà dé.

Obìnrin kan ní òdìkejì kànálì na ọrùn lábẹ́ agboòrùn, ó rí bí wọ́n ṣe ń fi báàkẹ́tì gbọ́n omi gba ojú fèrèsé.

"Ará Àpápá!" ó pariwo. "Ẹ kú omi o!"

Àwọn ará ilé rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dáhùnsí fa kọ́tìnì, ó ní òun ń lọ bá ẹnjiníà olè yẹn, ó sì sá jáde sínú òjò.

Ẹ̀yìn yáàdì rẹ̀ ní Coconut ni Fidelis ń gbé. Ó jókòó ní ìta yàrá rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà.

"Ìwọ olè yìí!" Dáhùnsí kígbe. "Ilé mi ti di odò!"

Fidelis kò dìde. Ó wò ó dáadáa, ó rántí rẹ̀.

"Á, ọ̀gá ẹlẹ́rù. You say make I no open am. I no open am."

"O gbọ́ bí táìlì yẹn ṣe dún!"

"Mo gbọ́, mo sì sọ fún yín. Ẹ̀yin lẹ fà mí lọ sẹ́yìn táǹkì. Bàbá tó nilé ní kí n fọ́ ibi tó bá wù mí, kò fún mi ní kọ́bọ̀." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹni tó fún mi lówó kí n má rí àléébù ilé tó fẹ́ tà, olè ni, mo mọ orúkọ ẹ̀. Ẹni tó fún mi lówó kí n má rí àléébù ilé tó fẹ́ rà, mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó yẹn padà, mo máa mú un wá fún ìyàwó yín nílé, kí n sọ ibi tó ti wá fún un."

Ẹ má rò pé mo ń gbè sẹ́yìn Fidelis. Ẹni tó gbowó, tó mọ̀, tó dákẹ́, tó sì tún ń rí ẹ̀wà jẹ, ojú rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù. Dáhùnsí wọ inú òjò padà sílé.

Nígbà tó dé, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Morìnsọ́lá dúró láàárín rẹ̀, ó ká ìró sókè, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ẹ bá a nílé? Kí ló wí?"

"Kò rí nǹkan gidi kan sọ."

"Mo mọ̀. Wọ́n ti ra ojú ẹ̀ ni. Kò sí bí ẹnjiníà ṣe máa kan ilẹ̀ yìí tí kò ní mọ̀. Sylvester ló fún un lówó, àbí? Bàbá Ìyanu, ẹ̀yin lẹ wà ńbẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i kí wọ́n fa ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

Ibi tí ọkùnrin ti lè sọ òótọ́ rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì bínú sí i. Ó ń wojú rẹ̀ ni. Dáhùnsí sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dé èbúté, kò jẹ́ kí wọ́n rí inú ẹrù.

"Bóyá," ló wí. "Èèyàn ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Ayé ti bàjẹ́."

"Ẹ bá mi kó búlọ́ọ̀kù mi wá," Màmá wí láti orí tábìlì.

Dáhùnsí jáde lọ sẹ́yìn táǹkì, sí ibi tó ti na ọwọ́ sí Fidelis lọ́jọ́sí. Ó ti ọwọ́ bọ inú koríko àti ẹrẹ̀, ó ń hú búlọ́ọ̀kù náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn wọlé mọ́ àyà. Morìnsọ́lá á gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè, òun á bẹ̀rẹ̀ sínú omi, á tì í sábẹ́. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta sílẹ̀ tó lọ mú ìkẹyìn wá, Màmá ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, àyà rẹ̀ ń han.

"Ọlọ́run Ọba," ló wí, "ẹni tó fi owó di ojú ẹni tó yẹ kó bá wa wo ilé yìí, má ṣe jẹ́ kó sùn síbi gbígbẹ mọ́ láyé. Ibi tó bá sá lọ, kí omi mọ ibẹ̀. Ohun tó bá fi pamọ́, tú u síta lójú ọmọ ẹ̀."

"Àmín," Morìnsọ́lá wí, omi ojú ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Àmín," Ìyanu wí lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ikọ́ gbé Màmá. Ó wúkọ́ títí, ó fi etí ìborùn nu ẹnu, ó yíjú sí àna rẹ̀.

"Bàbá Ìyanu, mi ò gbọ́ tìẹ."

Dáhùnsí dúró, búlọ́ọ̀kù kẹrin mọ́ ọn láyà, ẹrẹ̀ ń kán láti ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Àmín," ló wí, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.